Òrùlé Wa, Láti Orí Láyípo

Bàbá mi kì í bẹ èèyàn. Káfíntà ni, òrùlé ló ń kàn, bí ìyà ń jẹ ẹ́ bí kò jẹ ẹ́, àkàbà rẹ̀ ni á gbé lé èjìká, á bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó jókòó nínú pálọ̀ mi ní Alápẹ̀rẹ̀, tó di ọwọ́ mi mú, tó ní, “Ìyá mi, jọ̀ọ́, fún mi ní àpò mi,” mi ò mọ ibi tí mo máa fi ojú sí. Mo sáré wọ kíṣìnì, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa dà, mo sunkún díẹ̀, mo wá padà lọ sọ fún un pé rárá.

Ìyá mi ló ń pè mí nítorí pé lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú ni wọ́n bí mi. Àpò tó ń béèrè ni àpò irinṣẹ́ rẹ̀: hámà méjì, ayùn, pínsà, tépù, okùn tó fi ń mọ̀ bóyá igi tọ́, àti agolo mílíìkì tó kún fún ìṣó. Mo ti gbé e pamọ́ sínú wọ́dúróòbù mi, mo tì í pa, mo sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró mi bí ìyá arúgbó. Ọjọ́ kẹta nìyẹn tí bàbá mi kò jẹun gidi. Tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á fọwọ́ tì í, á ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́, kí ló fẹ́ fi oúnjẹ ṣe.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá mi ni ọkùnrin kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi láyé àtijọ́, tó ti di ọ̀gá fúnra rẹ̀ báyìí, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òjòtá. Ó wá sí ilé ìwé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ní Ìkòsì. Mo ní kó jókòó, ó kọ̀. “Aunty, ẹ má bínú sí mi o,” ló wí. “Ọ̀rọ̀ ojú Bàbá ti kọjá ohun tí a lè máa bò.” Ó ní àwọn jọ wà lórí òrùlé ilé kan ní Kétu, ni bàbá mi bá gbé ẹsẹ̀ síbi tí igi kò sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gba inú páànù kọjá títí dé itan. Òun ló dì í ní apá mú. Bàbá mi wá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ìrì ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun yọ̀, bẹ́ẹ̀ aago méjì ọ̀sán ni, oòrùn sì ń ta páànù débi pé èèyàn lè dín ẹyin lórí rẹ̀.

Mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù ojú. Dókítà ibẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ, ní àrùn náà ti pẹ́ lára rẹ̀, pé ńṣe ló ń ti ẹ̀gbẹ́ jẹ ìríran wọlé díẹ̀díẹ̀, àti pé ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù láàárín náà ti di bàìbàì. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní í padà mọ́. Oògùn tí a ó máa kán sí i kò lè ṣe ju kó bá wa dá ìyókù dúró. Bàbá mi tẹ́tí sí i dáadáa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣàdúrà fún un. Nígbà tí a dé ìta, ó ní ọmọ yẹn kò tíì mọ iṣẹ́.

Inú mi máa ń tètè bí, n kò sẹ́. Ohun tó bí mi nínú jù ni bó ṣe pẹ́ tó tó ti ń tàn wá jẹ. Etí ló fi ń kan òrùlé. Láti kékeré ló ti ń sọ fún mi pé òrùlé kì í parọ́: tí ìṣó bá bá igi, ohùn hámà á ki; tó bá bá afẹ́fẹ́, á máa dún gbangan-gbangan. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń wá etí páànù. Ẹnu ló ń kó ìṣó sí, ahọ́n rẹ̀ ló sì fi ń yí orí ìṣó síta kí ọwọ́ tó mú un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ojú á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán kí ayé tó mọ̀. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò rí ohun tó máa fi tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ó sì ti gba iṣẹ́ tuntun. Ilé alájà mẹ́ta ni, ní Ìkòsì níbẹ̀, Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kan òrùlé rẹ̀. Mo lọ wo ilé náà. Mo dúró nísàlẹ̀, mo gbójú sókè, mo tún wo kọnkéré tó wà nílẹ̀. Tó bá gun ibẹ̀, á já bọ́. Mo bẹ onílé náà, ó ní Bàbá ló fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn lè ṣe é, òun ò lè dójú ti àgbàlagbà. Mo bẹ ìmáàmù wọn, ìmáàmù bá a sọ̀rọ̀, bàbá mi ní ọwọ́ Ọlọ́run ni ẹ̀mí gbogbo wa wà. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Tí mo bá fún un ní àpò yẹn, ikú ni. Tí n kò bá fún un, ó ti ń fi ebi pa ara rẹ̀ lójú mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta yẹn ló dá àbá tirẹ̀. Ó ní, “Mú mi lọ sí Láyípo. Tí mo bá dúró lókè ibẹ̀, tí mo fi òrùlé ilé wa hàn ọ́, tí mo sọ bó ṣe rí fún ọ, o ó fún mi ní àpò mi. Tí n kò bá rí i, n kò ní í béèrè mọ́ láyé.”

Fún ẹni tí kò mọ Ìbàdàn, Láyípo ni ilé ìṣọ́ gíga tó wà lórí Òkè Àrẹ́. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po ni, ìdí tí wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Tí èèyàn bá gùn ún dókè, gbogbo ìlú ló máa tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òrùlé lórí òrùlé, títí tí ojú á fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, gbogbo Iléyá tí a bá ti Kétu lọ sílé wa ní Ìbàdàn, bàbá mi á mú mi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì ọdún. Á ní kí n wá òrùlé wa. Tí mo bá rí i, á ra gúgúrú àti ẹ̀pà fún mi. Tí n kò bá rí i, á ra gúgúrú àti ẹ̀pà náà, ṣùgbọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi délé, pé irú ọmọ wo ni kò mọ orí ilé baba rẹ̀.

Kò ṣòro láti rí nígbà náà. Gbogbo òrùlé adúgbò wa ló ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n páànù mẹ́ta wà lórí tiwa tí bàbá mi kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nígbà tó kan òrùlé mọ́sálásí kan. Abẹ́ páànù mẹ́ta yẹn gan-an ni yàrá tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Nílé wa, ọmọ ilé ló ń gun òrùlé yẹn, àlejò kì í gùn ún. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kàn án, bàbá rẹ̀ tún un kàn, òun náà tún un kàn. Ó máa ń sọ pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn kò ní í rìn lórí baba òun.

Mo ní kò burú, a ó lọ ní Sátidé. Ohun tí èmi mọ̀, tí bàbá mi kò mọ̀, ni pé òrùlé yẹn kò sí mọ́.

Ìjì ló ṣí i nínú òjò ọdún tó kọjá. Àbúrò bàbá mi tó ń tọ́jú ilé kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ló pè. Ó ní àwọn ti rí nǹkan nígbà Iléyá tí àwọn ò lè sọ. Bàbá mi wọlé, ó kí gbogbo ará ilé, ó wá yà síbi ilẹ̀kùn yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kí agbádá tí wọ́n fi kọ́ síbẹ̀, ó ń béèrè àlàáfíà ara lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ò rẹ́rìn-ín. Àbúrò bàbá mi ní tí àwọn bá fi ọ̀rọ̀ òrùlé lọ̀ ọ́, á ní òun ló máa gùn ún, tó bá sì gùn ún, á já bọ́ sórí sàréè bàbá àwọn. Wọ́n bá pe ọkùnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ní ó sàn ju àjèjì pátápátá lọ. Páànù búlúù ni wọ́n fi kàn án, àwọn páànù gígùn tí wọ́n ń lò lóde òní. Èmi náà dá sí i. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo sì kọ èsì pé ó rẹwà. A fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún un.

Ẹ ti wá rí i báyìí pé irọ́ ni mo ń pa fún ara mi nígbà tí mo ní bàbá mi tàn mí jẹ. Odidi ọdún kan ṣáájú ọsibítù ni wọ́n ti sọ fún mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, nítorí tí mo bá gbọ́, ó di dandan kí n ṣe nǹkan kan.

Nígbà tó wá ní ká lọ sí Láyípo, mo mọ̀ pé òun ló máa pàdánù. Páànù aláwọ̀ ewé ló máa pè, n ó sì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Pańpẹ́ ni mo dẹ fún bàbá tó bí mi lọ́mọ, mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe há mọ́ mi lọ́wọ́ tó nìyẹn.

Ní Sátidé, ó wẹ̀ ní kùtùkùtù, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó fi ń lọ kírun Jímọ̀, ó dé fìlà, ó sì jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tán pátá. Ó tilẹ̀ ní kí n bu tíì sí i fún òun. Jíjẹ tó jẹun yẹn dùn mí ju ebi tó ti ń fi pa ara rẹ̀ lọ. A wọ mọ́tò Ìbàdàn ní Òjòtá. Ó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lòun fẹ́, kí òun lè máa wo ìta. Ní gbogbo ojú ọ̀nà ló ń tọ́ka sí nǹkan fún mi: afárá rèé, ibi tí ọkọ̀ ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dún kan rèé, ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì rèé. Nígbà mìíràn ó máa ń bá a mu, nígbà mìíràn igbó lásán ni mo ń rí. Mo ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, mo ń gbàdúrà, n kò sì mọ ohun tí mo ń gbàdúrà fún. Mo fẹ́ kó ríran. Mo sì fẹ́ kó má rí i.

Oòrùn ti mú kí a tó dé Òkè Àrẹ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kí bàbá mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní àtẹ̀gùn náà há o, kí Bàbá rọra. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní òkè ni ibi iṣẹ́ òun. Òun ló ṣáájú. Nínú àtẹ̀gùn tó ṣókùnkùn tó ń yí po yẹn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ra ògiri lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sórí àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan láìṣì, èmi tí ojú mi dá ṣáká sì ń kọsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí ojú kò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó lè bá a du nǹkan kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá dókítà yẹn ló ṣì í. Mo tilẹ̀ bá ara mi sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nígbà tí a yọ sókè, atẹ́gùn gbá wa lójú, mo sì di fìlà rẹ̀ mú fún un. Ìdílé kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì tí wọ́n ń ya ara wọn ní fọ́tò. Mo wo ìsàlẹ̀. N kò fẹ́ wá ilé wa, ṣùgbọ́n ojú mi lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Búlúù ni, ó ń dán yinrin, ó yọ láàárín gbogbo òrùlé tó dógùn-ún bí ṣáàtì tuntun lọ́rùn ẹni tí kò wẹ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ wá a pàápàá á rí i.

Bàbá mi fọwọ́ tọ ògiri kúkúrú tó yí orí ilé ìṣọ́ náà ká títí tó fi dé igun kan. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, bó ṣe máa ń wá ibi tí igi wà lábẹ́ páànù. Igun tí a máa ń dúró sí láti kékeré mi nìyẹn. Ó yíjú sí apá Mápò, ó wá yí i sí òsì díẹ̀, ó na ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ibi tó nà án sí gan-an ni ilé wa wà.

“Wò ó níbẹ̀ yẹn,” ló wí. “Ẹ̀yìn mọ́sálásí, òrùlé kẹrin. Ó ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n kò jò. Páànù mẹ́ta aláwọ̀ ewé ló wà lórí yàrá Bàbá. Ọ̀dà wọn ti ń ṣá díẹ̀. Tí a bá wá ní Iléyá, n ó tún un kùn.”

Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá na ọwọ́ kejì sí mi, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló ń béèrè.

Mo ti fi ohun tí mo fẹ́ sọ kọ́ ẹnu mi láti Òjòtá. Mo ń wo ọwọ́ tó nà sí mi yẹn, èékánná méjì tí hámà ti gbá dúdú kí wọ́n tó bí mi, àpá ìṣó láàárín àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ yẹn ló rán mi níwèé. Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹ rí i. Inú rẹ̀ á dùn títí di Mọ́ńdè. Mo rántí kọnkéré tó wà nílẹ̀ ní Ìkòsì, mo sì rí ara mi níwájú àwọn ará ilé, tí mo ń ṣàlàyé fún wọn pé èmi ni mo fún un ní àpò.

“Kò sí níbẹ̀ mọ́, Bàbá,” mo wí. “Kò sí aláwọ̀ ewé níbẹ̀. Búlúù ni gbogbo rẹ̀. Ìjì ṣí i lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì ti tún un kàn.”

Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Mo bá sọ ìyókù fún un, gbogbo rẹ̀: agbádá ẹnu ọ̀nà yàrá, ìpè àbúrò rẹ̀, fọ́tò tó wọ orí fóònù mi. Mo sọ fún un pé mo ti mọ̀ kí n tó gbà láti wá. N kò mọ ìdí tí mo fi sọ ìyẹn náà. Ó jọ pé mo fẹ́ kó bínú sí mi, kó gbá mi létí tó bá wù ú, kó ṣáà ti kúrò nínú dídúró tó dúró síbẹ̀.

Kò bínú. Ó béèrè ẹni tó kàn án. Mo sọ fún un. Ó mi orí, ó ní, “Ìyẹn mọ̀ ọ́n kàn.” Ó wá ní kí n wò ó dáadáa, kí n sọ bó ṣe rí fún òun. Ó béèrè bóyá téńté rẹ̀ tọ́. Ó béèrè apá ibi tí ẹnu páànù, níbi tí ọ̀kan ti gun èkejì, kọjú sí, nítorí apá ìlà-oòrùn ni ìjì máa ń gbà wá bá ilé wa. Ó béèrè bóyá etí rẹ̀ gùn kọjá ògiri tó kí omi má baà máa ta sí ẹnu ọ̀nà. Èmi tí n kò mọ ohunkóhun nípa òrùlé, mo ń dáhùn bí ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, omijé ń dà lójú mi, n kò lè nù ún nítorí mo ní láti máa wo ibẹ̀. Tí mo bá ṣì í sọ, á bá mi tún un sọ.

“Ṣé kì í ṣe pé o ń sọ ọ́ kí inú mi lè dùn?” ló bi mí.

“Rárá, Bàbá. Wọ́n kàn án dáadáa.”

Ó wá sọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìdílé tó ń ya fọ́tò ti lọ, ó ku àwa méjì àti atẹ́gùn. Ó ṣì kọjú síbi tí òrùlé wà.

“Ẹ̀ bá ti pè mí,” ló wí. “N kò ní í gùn ún. Ẹ̀ bá ti pè mí kí n wá di àkàbà mú.”

Gbogbo wa ló ń bá wí, èmi pẹ̀lú wọn. Nínú gbogbo ohun tí a rò ká tó ṣe ohun tí a ṣe, ìyẹn nìkan ni kò wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, òun ló ní kí n ṣáájú. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Àtẹ̀gùn kan náà ni, òkùnkùn kan náà ni, ṣùgbọ́n báyìí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. A ò yà sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ò jìnnà. Kò béèrè pé ká yà.

Ní Mọ́ńdè ó jí, ó kírun, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan ń kan páànù ní òpópónà kejì, bó sì ṣe ń dún ni bàbá mi ń gbé orí díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìṣó kan ti bá afẹ́fẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní òmíràn ti bá afẹ́fẹ́. N kò lè fara dà á. Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró mi, mo gbé e sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní kó kúkú máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ọ, ó sì mọ ohun tó jẹ́. Ó rọra tì í padà sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀ kó má baà sọnù.